Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Àlàyé Lórí Gbòǹgbò Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

"Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oǹkà mọ̀ pé bí a bá ka ẹ̀fà tán, èje ni ó kàn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí fún wa kò fi ti oǹkà ọmọdé ṣe, nítorí ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọ̀rọ̀ tí a rí ojú rẹ̀ lónìí ní ẹ̀yìn tí a kò rí, àti pé ẹ̀yìn náà lè jìn, kí ó sì fẹ̀, ju gbogbo ohun tí ojú ọ̀rọ̀ náà fi hàn wá lọ. Bí tọkọtaya bá ń jà ní àjàkú-akátá nítorí iyọ̀ tí ó pọ̀jù nínú ọbẹ̀, tí àgbàlagbà kan sì ń kọjá lọ, tí ó mi orí, tí ó pa òwe yìí, gbogbo ẹni tí ó ní làákàyè ní agboolé náà ni yóò mọ̀ pé kì í ṣe iyọ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí.

Bí ó ti rí nínú ìjà ni ó rí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀rọ̀ a máa jáde lẹ́nu wa lójoojúmọ́ bí ẹni pé àárọ̀ yìí ni a bí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ti la ìlú kọjá, ó ti sùn nílé ọba, ó ti sùn nílé àlùfáà, ó sì ti jẹ orúkọ mẹ́ta mẹ́rin kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìjọba òyìnbó gbé wọ ilẹ̀ wa, tí ó sì jókòó pa sí ilé ẹ̀kọ́ wa títí di òní, kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì fẹ́ tú ìdí rẹ̀: gbòǹgbò tí wọ́n ń kọ ní "crypt", tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó pamọ́. Ó wà nínú orúkọ ibi tí wọ́n ń sin àwọn ẹni ńlá sí, ó wà nínú orúkọ ìwé ìsìn, ó wà nínú orúkọ ewéko àti ti afẹ́fẹ́, ó wà nídìí iṣẹ́ amí, ó sì ti wọ inú owó tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà tí wọ́n ń tà lórí fóònù wọn. Àwọn ọmọ wa ń há àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, láìmọ̀ pé ọmọ ìyá ni gbogbo wọn.

Àwọn Gíríìkì ìgbàanì ni ó ni gbòǹgbò náà. "Kryptein" ni wọ́n ń pe kí ènìyàn bo nǹkan mọ́lẹ̀, "kryptos" sì ni ohun tí a bò. Nígbà tí àwọn ará Róòmù, ìlú orí òkè méje, gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi "c" rọ́pò "k", wọ́n sì fi "y" sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilà ojú tí a fi ń mọ àlejò, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣe iṣẹ́ rere, ó ti ṣe iṣẹ́ ibi. Ní ìlú Sparta, "krypteia" ni orúkọ àṣà kan tí wọ́n fi ń rán àwọn ọ̀dọ́kùnrin jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ, pé kí wọ́n sá pamọ́ lọ́sàn-án, kí wọ́n sì máa pa àwọn ẹrú ìlú, tí à ń pè ní helot, lóru. Ṣùgbọ́n nínú Ìhìnrere Mátíù orí kẹfà, níbi tí Jésù ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń tọrẹ àánú àti bí a ti ń gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀, gbòǹgbò kan náà ni òǹkọ̀wé lò nínú èdè Gíríìkì. Bẹ́ẹ̀ ni nínú Lúùkù orí kẹjọ, ẹsẹ kẹtàdínlógún, ó jáde ní ìrísí méjì nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, níbi tí a ti sọ fún wa pé ohun tí ó pamọ́ kò ní ṣàìbọ́ sí gbangba. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìpamọ́ yìí ti ń bá ọ̀rọ̀ ìfihàn rìn.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á bojú wo ilé ná, nítorí a kì í ti ojú ilé ẹlòmíràn mọ ilé ẹni. Yorùbá ní ìkọ̀kọ̀, a ní bòńkẹ́lẹ́, a sì ní àṣírí, èyí tí ó ti inú èdè Lárúbáwá gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù nínú wọn ni awo. Awo kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ohun tí àwọn kan mọ̀ tí àwọn kan kò gbọdọ̀ mọ̀ ni, ìdí sì nìyí tí orúkọ kan náà fi ń jẹ́ ti ohun tí a mọ̀ àti ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí àwọn àgbà fi ń wí pé awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́, bí awo kò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo a tẹ́, awo a ya. Ẹni tí ó dúró ní òde ni ọ̀gbẹ̀rì. Kò sí awo bí kò bá sí ọ̀gbẹ̀rì. Mo ka èyí sí òye ńlá, nítorí pé ó kọ́ wa láti béèrè ìbéèrè kan nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé nǹkan pamọ́: ta ni ó pamọ́ fún? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á fi máa yẹ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí wò, a ó sì rí i pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó sọ nǹkan lórúkọ náà gan-an ni ọ̀gbẹ̀rì.

Àkọ́bí nínú àwọn ọmọ gbòǹgbò yìí ni "crypt" fúnra rẹ̀, èyí tí í ṣe yàrá abẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ilé ìsìn, níbi tí wọ́n ń tẹ́ òkú àwọn ẹni mímọ́ àti àwọn akọni sí. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Ọba Henry Kejì pa Thomas Becket, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù, sínú ilé ìsìn Canterbury ní 1170, irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlùfáà gbé òkú rẹ̀ wọ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn èrò ti ń wá a wá láti ọ̀nà jíjìn títí di 1220, nígbà tí wọ́n gbé e gòkè sí ibi tí ó lọ́lá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ ilé ìsìn St Paul's ní London, Christopher Wren tí ó yàwòrán ilé náà ń bẹ níbẹ̀ láti 1723, Nelson akọni ojú omi dé ibẹ̀ ní 1806, Wellington tí ó ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo sì tẹ̀ lé e ní 1852. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dé London lè sọ̀kalẹ̀ lọ wò wọ́n. Oòrùn nìkan ni ibojì wọ̀nyí pamọ́ fún.

Ọmọ kejì ti yí ojú padà tóbẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀ mọ́. Nígbà tí iná jó Róòmù ní ọdún 64 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Nero, ọba tí ìwà ìkà rẹ̀ kò tán ní ẹnu àwọn òpìtàn, kọ́ ààfin kan sí àárín ìlú náà, ó sì pè é ní Ilé Wúrà. Lẹ́yìn tí ó ti kú, àwọn ọba tí ó jẹ tẹ̀ lé e kò fẹ́ kí ojú rí ohun tí yóò máa rán ènìyàn létí rẹ̀. Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ dí àwọn yàrá náà, Trajan sì kọ́ ilé ìwẹ̀ ńlá lé e lórí. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ayé fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ń parí lọ ni àwọn ènìyàn já sínú rẹ̀ láti òkè, tí wọ́n ṣe bí ihò àpáta ni, tí wọ́n sì pè é ní "grotta", nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ítálì ti ń pe "crypta" àwọn baba wọn. Àwọn ayàwòrán fi okùn so ara wọn, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú òkùnkùn pẹ̀lú iná lọ́wọ́, Raphael tí òkìkí rẹ̀ kàn pẹ̀lú wọn, wọ́n sì rí àwòrán lára ògiri tí irú rẹ̀ kò sí mọ́ lókè eèpẹ̀: ènìyàn tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ewé, ẹranko tí ìrù rẹ̀ di ìtàkùn, orí tí ó hù láti inú òdòdó. "Grottesca" ni wọ́n pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ará inú ihò, Raphael àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì fi irú rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí ààfin Póòpù. Ọ̀rọ̀ náà gba ilẹ̀ Faransé kọjá, ó di "grotesque" lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ sí ohun tí ó rí wúruwùru, tí ó burẹ́wà, tí ó ń dẹ́rù bani. Ohun tí ó jẹ́ ẹwà lójú Raphael ni ó di èébú lónìí! Bí àwọn àwòrán náà kò bá wà lábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí a rí wọn, orúkọ mìíràn ni wọn ìbá jẹ́, ẹni tí ó bá sì ń wá ìtumọ̀ "grotesque" láìmọ̀ pé ihò ni a ti gbé e jáde yóò wá a títí.

Ti ìwé ìsìn kan àwa gan-an. "Apocrypha" túmọ̀ sí àwọn ìwé tí a fi pamọ́, ọ̀nà méjì ni ó sì lè gbà jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ọlá àti ọ̀nà àbùkù. Nínú ìwé tí à ń pè ní 2 Esdras, a pàṣẹ fún Ẹ́sírà pé kí ó fi àádọ́rin ìwé pamọ́ fún àwọn ọlọ́gbọ́n nìkan. Ìyẹn ni ìpamọ́ ọlá, ìpamọ́ awo. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jerome, ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìnì, lo ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ìwé tí kò sí nínú Bíbélì àwọn Hébérù, ọ̀rọ̀ náà ti ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Luther kó wọn jọ sí àárín Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Titun nínú Bíbélì tí ó tẹ̀ jáde ní èdè Jámánì ní 1534. Ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì tí ó pé jọ ní Trent dáhùn ní 1546 pé Ìwé Mímọ́ tòótọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ wọ́n sínú Bíbélì Ọba James ní 1611. Lẹ́yìn náà ni Ẹgbẹ́ Bíbélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Òkèèrè, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1804, jà fún ọdún bíi mélòó kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sì pinnu ní 1826 pé àwọn kò ní ná kọ́bọ̀ àwọn sórí Bíbélì tí ó bá ní Apocrypha nínú mọ́. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó tẹ ìwé tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ẹrú tí ó di olórí, àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ fi èdè wa túmọ̀, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884. Nítorí náà ni Bíbélì tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ baba wa fi kọ́ ìwé kíkà fi jẹ́ ìwé mẹ́rìndínláàádọ́rin, nígbà tí ti àwọn Kátólíìkì jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́rin. Tobit àti Judith àti àwọn Maccabee kò sápamọ́ fún wa. Ìpinnu kan tí a ṣe ní London, ní ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kí odidi iṣẹ́ Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jáde, ni kò jẹ́ kí wọ́n bá wa dé ilé. Mo gbà pé ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ Kristẹni mọ èyí, ìjọ yòówù kí ó máa lọ.

Ìwọ̀nyí ni ó bí "apocryphal", ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ìtàn tí ó dùn létí ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Ìpamọ́ ti di iyèméjì.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kan tilẹ̀ so àwọn ọmọ ìyá méjì pọ̀. Nígbà tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, pín gbogbo ewéko ayé sí ìsọ̀rí mẹ́rìnlélógún nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1753, ẹ̀yà inú òdòdó ni ó fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n olú, àti ewéko wẹ́wẹ́ ara ògiri tútù, àti ewéko inú òkun, kò yọ òdòdó kankan tí ó lè kà. Ó kó gbogbo wọn sí ìsọ̀rí tí ó kẹ́yìn, ó sì pè é ní "Cryptogamia", ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀. Ní 1851 ni Hofmeister ará Jámánì tú ìkọ̀kọ̀ náà, tí ó fi hàn bí irú àwọn ewéko bẹ́ẹ̀ ti ń bí ara wọn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ nípa wọn ni à ń pè ní "cryptogamist". Wọ́n máa ń sọ ọ́, nígbà náà, pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá àwọn tí ó mọ "cryptogram", ìyẹn ìwé àdììtú, wọ́n sì ṣèèṣì lọ mú Geoffrey Tandy, onímọ̀ ewéko inú òkun, wá sí Bletchley Park, ibi tí wọ́n ti ń tú ìwé àdììtú àwọn ọ̀tá. Pé Tandy ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òtítọ́ ni. Pé àṣìṣe lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó gbé e débẹ̀, ìtàn "apocryphal" ni, ó sì yẹ kí á máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Kò sí ibi tí ìbéèrè mi, pé ta ni ó pamọ́ fún, ti mú dáadáa tó nínú ọ̀rọ̀ ẹranko tí à ń pè ní "okapi". Ní 1901 ni àwọn onímọ̀ ní London fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, lẹ́yìn tí Harry Johnston, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti fi awọ àti agbárí rẹ̀ ránṣẹ́, ẹnu sì yà gbogbo Yúróòpù pé irú ẹranko ńlá bẹ́ẹ̀, ìbátan àgùnfọn, wà láyé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn ọdẹ igbó Ituri ní Congo ti ń pa á jẹ láti ayébáyé. Ọ̀dọ̀ wọn ni Johnston ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn tí ń ṣe "cryptozoology", ìyẹn wíwá àwọn ẹranko tí ó pamọ́, máa ń fi okapi ṣe ẹ̀rí pé ohun tí ó pamọ́ ń bẹ. Ó dùn mí láti kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ ẹran kan kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì ẹran náà.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni ìyàlẹ́nu tí ó tún ga ju ti igbó lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1898, ní University College ní London, William Ramsay, ọmọ Glasgow, àti Morris Travers tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀ mú afẹ́fẹ́ tí a ti fi òtútù líle sọ di omi, wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi ìyókù tí ó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ sí abẹ́ ẹ̀rọ tí ń tú ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀. Ilà aláwọ̀ ìyeyè kan àti ilà aláwọ̀ ewé kan yọ sí wọn, èyí tí kò bá ti ohunkóhun tí a ti mọ̀ rí mu. Wọ́n pè é ní "krypton", ẹni tí ó sá pamọ́, "k" Gíríìkì sì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀ nítorí pé ọ̀dọ̀ Gíríìkì ni wọ́n ti lọ mú un ní tààrà. Kò pé oṣù mẹ́ta sí i tí wọ́n fi rí neon àti xenon nínú afẹ́fẹ́ kan náà, Ramsay sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904. Nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́, ìdá kan péré ni krypton. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí a bí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ tí kò mí in símú. Ohun tí ó wá jọ mí lójú jù ni pé láti 1960 títí di 1983, ìmọ́lẹ̀ ẹni tí ó sá pamọ́ yìí ni gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń ṣe òdiwọ̀n mítà: ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí ó pupa rúsúrúsú, 1,650,763.73 lọ́nà, ni ó pé mítà kan. Gbogbo aṣọ tí wọ́n fi mítà wọ̀n ní àwọn ọdún náà, àti gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi kìlómítà kà, orí krypton ni òdiwọ̀n wọn dúró lé.

Mo fi ẹnu kan "cryptic" lérèfé, nítorí Yorùbá kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn ní i: ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi.

Ṣùgbọ́n "cryptography", ìmọ̀ bí a ti ń kọ̀wé tí ọ̀gbẹ̀rì kò ní lè kà, kò ṣeé fi ẹnu kàn lérèfé, nítorí ẹ̀mí ti tọ̀ ọ́ lọ. Julius Késárì, bí òpìtàn Suetonius ti kọ ọ́, máa ń fo lẹ́tà mẹ́ta síwájú, kí D lè dúró fún A. Èyí tó fún ayé ìgbà náà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án ni al-Kindi, ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá ní Baghdad, rí i pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú èdè ní iye ìgbà tí ó sábà máa ń yọjú, nítorí náà bí a bá ka àmì tí ó pọ̀ jù nínú ìwé àdììtú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni lẹ́tà tí ó pọ̀ jù nínú èdè náà fara pamọ́ sí. Mary, ọbabìnrin Scotland, kò gbọ́ nípa al-Kindi, tàbí bí ó bá gbọ́, kò fi ṣe ẹ̀kọ́. Elizabeth Kìíní, ìbátan rẹ̀, ti há a mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1568. Ní 1586, nígbà tí ó wà ní Chartley, ó ń gba lẹ́tà, ó sì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ nínú ìdérí àgbá ọtí, a fi àmì ìkọ̀kọ̀ kọ gbogbo rẹ̀, ó sì fi ọkàn balẹ̀. Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹni tí ń bá a gbé lẹ́tà náà, Walsingham, olórí àwọn amí Elizabeth, ni ó ń sìn. Thomas Phelippes a tú lẹ́tà náà, a dà á kọ, a tún un dì, a sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ọjọ́ tí ó tú èyí tí Mary fi dá Anthony Babington lóhùn lórí ète láti pa Elizabeth, ó ya àwòrán igi tí a fi ń so ọ̀daràn rọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀dà tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n bẹ́ Mary lórí ní Fotheringhay, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1587. Ó rò pé òun ni awo. Nínú awo tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò, òun nìkan ni ọ̀gbẹ̀rì.

Àwọn ará Jámánì ṣe irú àṣìṣe yìí pẹ̀lú ẹ̀rọ ìkọ̀wé àdììtú tí wọ́n ń pè ní Enigma. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìṣirò ará Poland, Marian Rejewski ṣíwájú wọn, ti rí ìdí ẹ̀rọ náà ní 1932. Ní oṣù keje ọdún 1939, ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ogun bẹ́, wọ́n fa ohun tí wọ́n mọ̀ lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lọ́wọ́, Alan Turing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bletchley Park sì tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́: àìṣọ́ra àwọn tí ń tẹ ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lójoojúmọ́, wà lára ohun tí ó la ẹnu ògiri. Ó di 1974 kí ayé tó gbọ́ bí gbogbo rẹ̀ ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Kerckhoffs, onímọ̀ ìwé àdììtú, ti kìlọ̀ ní 1883, ní Paris, pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé àdììtú kí ó ṣe é bí ẹni pé ọ̀tá mọ gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ni yóò pamọ́.

Ìkìlọ̀ yìí ni ó bí ìlò tí ọ̀rọ̀ yìí ní lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa. Bí wọ́n bá ní "crypto" lónìí, owó orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wí, irú bitcoin, èyí tí ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní 2008, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2009. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nítorí orúkọ rẹ̀, owó abẹ́lẹ̀ ni, owó tí kò sí ẹni tí ó lè rí ipa rẹ̀. Ìdàkejì gan-an ni. Ìwé ìṣirò bitcoin ṣí sílẹ̀ gbayawu: gbogbo owó tí ó ti kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn láti ọjọ́ kìíní ni ẹnikẹ́ni lè kà. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ná an, àti orúkọ ẹni tí ó mú un dání, ni ó pamọ́. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà pàṣẹ ní oṣù kejì 2021 pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tí ń ṣòwò rẹ̀, ó sì tú àṣẹ náà sílẹ̀ ní oṣù kejìlá 2023. Láàárín ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti fi owó wọn lé àjèjì lọ́wọ́ nítorí wọ́n rò pé ohun tí ó pamọ́ ni wọ́n ń rà. Bí ẹnìkan bá ti kọ́ wọn pé kọ́kọ́rọ́ ni ìkọ̀kọ̀ náà, wọn kì bá tí fi kọ́kọ́rọ́ wọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ wa gbogbo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ máa há ọ̀rọ̀ sórí ní ẹyọ ẹyọ mọ́. Ẹ kọ "crypt" sí ojú pátákó, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kó àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ jọ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n, ní ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, ta ni ohun náà pamọ́ fún. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè náà ti mọ ọ̀rọ̀, ó ti mọ ìtàn, ó sì ti kọ́ láti má ṣe gba orúkọ láìwo ẹni tí ó sọ ọ́.

Mo sì ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Yorùbá pẹ̀lú, nítorí pé àwa náà ní cryptography tiwa. Àwọn baba wa fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wọ́n fà sí, wọ́n fi mẹ́jọ sọ fún ọ̀rẹ́ pé a jọ jẹ́ ọ̀kan, wọ́n fi ẹnà sọ̀rọ̀ lójú àlejò kí àlejò má gbọ́. Ẹni tí a rán ní àrokò lè rìn láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú ogun tàbí ìfẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má mọ èwo ni òun gbé. Díẹ̀ nínú èyí ni ó ti wọ inú ìwé, èyí tí ó pọ̀ jù ṣì wà lọ́kàn àwọn arúgbó, wọ́n sì ń dín kù. Ẹni tí ó bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí ó ti ka àrokò rí, kí ó jókòó tì í ní ọdún yìí, kí ó sì kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀.